Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tísà

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ní àdúgbò Basírì ní Adó-Èkìtì, ìyá àgbà kan sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, ó sì ti fi ọkàn ka bọ́ǹpù mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí dé ojúlé wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló gbá a ní ìbàdí bí ìgbà tí ọmọ odó bá gbá odó tí kò sí iṣu nínú rẹ̀. "Bàbá," ni ó wí, "ẹ máa wa ọkọ̀ yín. Èmi yóò máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá." Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, ó sì rọra wọlé lọ.

Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2013. Ọkọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń retí lẹ́nu ọ̀nà ilé tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Mazda MX-5 ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, ọkọ̀ eré kékeré oníjòókòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é. Àkọ́bí Tísà tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ló fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì. Ó ní bàbá òun ti fi ọkọ̀ akérò lọ síbi iṣẹ́ tó, ó tó àkókò kí ó gba afẹ́fẹ́ sórí. Láti ìgbà náà, ọmọ ọ̀hún kò tíì fojú kan ilé. Ìwé ìgbélùú, iṣẹ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: ìdí kan kì í tán kí òmíràn tó dé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ní kí Tísà ta ọkọ̀ náà kí ó fi ra Corolla, wọn kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Nínú gbogbo ọgbà yẹn, ọkọ̀ náà ni ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ti kàn láàárín ọdún mẹ́wàá.

Mẹ́káníìkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wo ọkọ̀ náà láàárín ọdún méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú. Ó gba owó, ó pààrọ̀ méjèèjì sí tuntun, líle náà sì wà síbẹ̀. Ẹni kejì fẹ́ ki rọ́bà sí àárín sípíríǹgì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ tó ń kó ẹrù, kí ẹ̀yìn lè ga, Tísà kọ̀. Ẹni kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní: "Bàbá, ọkọ̀ eré lẹ ní. Bó ṣe máa ń le nìyẹn." Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta yìí ló wọ Tísà lọ́kàn jù, nítorí pé ó jọ òótọ́.

Kì í ṣe òótọ́. Ìtàn ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tako ó. Akọ̀ròyìn ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Bob Hall, ló dá àbá fún ilé iṣẹ́ Mazda pé kí wọ́n tún ṣe irú ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láyé àtijọ́. Toshihiko Hirai ló darí iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ọkọ̀ ọ̀hún han aráyé ní Chicago ní oṣù Kejì ọdún 1989. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáàn kan, jinba ittai, ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gun ẹṣin rí mọ̀ pé ẹṣin tó ń ju ènìyàn sókè sódò kò tíì bá a di ara kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ náà fúyẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù kan, ohun tó bá sì fúyẹ́ kò nílò sípíríǹgì líle kí ó tó lè dúró dáadáa ní kọ́nà. Kò sí ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì mìíràn tí aráyé rà tó o. Ní 2016, iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan. Ènìyàn mílíọ̀nù kan kò ní fi owó wọn ra ìrora ẹ̀yìn.

Àwọn tó dàgbà ní Èkìtì ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 pẹ̀lú mọ̀ pé ọkọ̀ lè rin ọ̀nà búburú láìpa ará inú rẹ̀ lára. Wọ́n mọ Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975. Ní ọdún yẹn kan náà, irú ọkọ̀ yìí gba ìdíje Safari ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ó sì tún gbà á ní 1978, lórí ọ̀nà tó burú ju ti Èkìtì lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan. Àyè tí táyà rẹ̀ ní láti lọ sókè sódò pọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó ní ó tó. Sípíríǹgì ni ó ń gba ìkọlù. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa ijó sípíríǹgì. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn èrò ni yóò bá wọn ṣe é.

Ìyàwó Tísà ló dárúkọ mẹ́káníìkì kẹrin. Ní Àjílòsun ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n sì ní kì í mú sípánà kí ó tó béèrè ìbéèrè. Tísà kò dáhùn, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti 1994, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Bàbá ọmọ náà kú lọ́dún yẹn, owó ilé ẹ̀kọ́ di ìṣòro, ọmọ wá dágbére fún tísà rẹ̀ pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Tísà sọ fún un lójú gbogbo kíláàsì pé orí tí Ọlọ́run fi físíìsì sí ni ó fẹ́ lọ rì sínú gíríìsì yẹn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ó sì ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àjílòsun, bí Tísà bá ń kọjá níbẹ̀, òdìkejì títì ni ó máa ń kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ tí Tísà sọ lọ́jọ́ náà kò ṣàjèjì ní Èkìtì. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 yìí ti fi orísun ìmọ̀ pe ara rẹ̀ rí. Àwọn àgbẹ̀ ta iṣu, wọ́n ta kòkó, wọ́n fi aṣọ kan ṣọdún mẹ́ta kí ọmọ lè kàwé, iye àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó sì ti inú ilé ẹlẹ́rùpẹ̀ jáde kì í ṣe kékeré. Ògo ńlá ni. Ṣùgbọ́n ògo náà ní òjìji tirẹ̀: a ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ibi tí à ń ju ọmọ tí ìwé kọ̀ sí, lẹ́yìn náà a wá ń yà wá lẹ́nu pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe kì í wọn nǹkan kan, kì í ka nǹkan kan, kì í béèrè nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ajé, Tísà wa ọkọ̀ náà lọ sí Àjílòsun. Ọ̀gá mẹ́káníìkì rí i, ó nu ọwọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. "Ẹ káàárọ̀, sà. Màmá ńkọ́?" Kò sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìbéèrè ló tẹ̀ lé e. Ìgbà wo ni líle yìí bẹ̀rẹ̀? Ṣé bọ́ǹpù ńlá nìkan ni, àbí títí kan ibi tí ọ̀dà ti sán díẹ̀? Ṣé ó máa ń burú sí i bí Màmá bá wà nínú ọkọ̀? Ṣé sípíríǹgì ẹ̀yìn ti ṣẹ́ rí?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí mú Tísà dúró. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ó kó sínú kòtò kan tí omi òjò bò mọ́lẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn kan sì ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí bá a wá méjì mìíràn, wọ́n ní wọ́n bá a mu. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́káníìkì mẹ́ta ìṣáájú tó bi í ní ìbéèrè yẹn, òun náà kò sì so ọ̀rọ̀ kòtò mọ́ ọ̀rọ̀ líle ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọ̀gá náà kò tíì gbé jáàkì. Ó kúnlẹ̀ ti táyà, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àmì kékeré lára rẹ̀. Ọmọ náà ka 3412, ó sì túmọ̀ rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2012. Ojú táyà náà kò tíì jẹ tán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gan bí awọ ìlù. Wọ́n gbé géèjì lé e: 42. Fọkanáísà tó ń bá Tísà fún táyà gbà pé bí ọ̀nà bá burú, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ pọ̀. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó fi ìka han Tísà ìwé kékeré tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 26. Tísà, ẹni tó ń kàwé láàárọ̀ lálẹ́, kò ka ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́wàá.

Táyà ni sípíríǹgì àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ní, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gba òkúta. Bí ó bá kún jù, ó di páńkẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ táyà sì kọjá ìrọ̀rùn ìjókòó ní orílẹ̀-èdè yìí. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Èkó ní ìparí 2008. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n kó wọlé ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí òkè òkun ti jù nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú ọ̀nà Kàdúná sí Abùjá, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ní táyà tó bẹ́ wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, ọ̀gá kò bẹ Tísà lórí táyà; ó ní yóò ra tuntun, tàbí kí ó gbé ọkọ̀ sílé.

Wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù sí 26, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Tísà ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin líle náà ti lọ. "Ó ku èyí tó ń gbá Màmá," ni ọ̀gá wí.

Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀, ó ká rọ́bà tí kì í jẹ́ kí eruku wọ ṣọ́ọ̀kì sókè, ó sì tan iná tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ó pe Tísà kí ó wá wò. Bàbá náà bọ́ fìlà, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìkọlù nígbà tí ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, kí irin má ṣe gbá irin. Ó yẹ kí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti orí ṣọ́ọ̀kì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Àlàfo kankan kò sí. Ọkọ̀ náà ti jókòó lé rọ́bà láìtíì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, rọ́bà náà sì ti dàgbà, ó ti le bí èkùrọ́. Bí Màmá bá tún wọlé, kò sí ibi tí ọkọ̀ lè rọ̀ sí mọ́. Bọ́ǹpù ń gba irin lọ sí àga, ó ń gba àga lọ sí eegun ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì tuntun kò fi ṣe nǹkan kan: lórí sípíríǹgì àti rọ́bà kan náà ni wọ́n tò ó sí.

Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀ràn náà hàn gbangba. Sípíríǹgì méjèèjì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn tó wúwo jù ú lọ, wọ́n sì ti fi ayùn gé orí wọn kí wọ́n lè wọlé. Ojú ibi tí wọ́n gé kò ní ọ̀dà, ó ti dípẹtà. Tísà béèrè kálípà. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé e wá, ó sì mọ bí wọ́n ti ń kà á. Wọ́n wọn irin náà, wọ́n sì wọn èyí tó bá ọkọ̀ dé láti Amẹ́ríkà, tí Tísà ti jù sẹ́yìn ilé tó sì gbé dání wá. Irin ti ọkọ̀ tó wúwo fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn ju ti tòótọ́ lọ.

Tísà mú ẹfun, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí pákó. Robert Hooke, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ òfin sípíríǹgì jáde láti 1678: bí agbára tí a fi fà á bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe nà tó. Ṣùgbọ́n iye agbára tí yóò gbà wà lọ́wọ́ irin. Bí irin bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn sí i, líle rẹ̀ kì í fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀. A ó sọ 1.1 di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, yóò sì di 1.46, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Gígé tí wọ́n gé e tún dá kún un: bí ìyípo tó ń ṣiṣẹ́ bá jẹ́ 6, tí a sì gé 1 kúrò, ìdá kan nínú márùn-ún líle ni a fi kún un. Wọ́n gbà pé bí a bá gé sípíríǹgì, yóò rọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kóra jọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò mọ iye rẹ̀, sà," ni ọ̀gá wí, "àmọ́ bí mo ti fọwọ́ bà á ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀kọ́ sípíríǹgì ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn ní kíláàsì yín. Ẹ so òkúta mọ́ ọn, ẹ wọn bó ṣe nà, ẹ tún so òmíràn mọ́ ọn. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí."

Tísà nu ẹfun kúrò lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó rí ibi tí yóò nù ún sí.

Àtúnṣe náà kò ṣòro lẹ́yìn èyí. Ọjà Ladipo ní Mushin ni wọ́n ti rí sípíríǹgì méjì tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà gan-an, tí ayùn kò kàn. Wọ́n ka ìyípo rẹ̀, wọ́n wọn irin rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Wọ́n fi rọ́bà tuntun sórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Ó wá ku búùṣì, rọ́bà tó wà ní oríkèé apá tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Rọ́bà yìí lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde. Kì í yí, lílọ́ ni ó ń lọ́. Bí a bá di bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, yóò ti lọ́ tán kí ọkọ̀ tó délẹ̀, yóò máa bá sípíríǹgì jà títí yóò fi ya. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìṣáájú ti dì í. Ọ̀gá tú gbogbo bóòtù náà díẹ̀, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó tó nípọn, ó mi ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè jókòó síbi tó yẹ, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dì wọ́n pa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to táyà kí ó lè dúró gbọọrọ, nítorí pé bí gíga ọkọ̀ bá ti yí padà, ìdúró táyà náà ti yí padà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọkọ̀ kan. Ní àdúgbò wa, àwọn ará ilé a máa po sìmẹ́ǹtì, wọn a mọ bọ́ǹpù sójú títì bó ti wù wọ́n, láìwọn gíga rẹ̀. Ní ilé ìjọba, bí nǹkan bá bàjẹ́, alága ni wọ́n máa ń yọ, ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀, gẹ́gẹ́ bí mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, láìsí ẹni tó béèrè pé kí ni ó ti ṣẹ́ rí, ta ni ó tún un ṣe, kí ni ó fi síbẹ̀. Ìbéèrè kò ná owó kankan. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi kà á sí iṣẹ́.

Nígbà tí Tísà san owó tán, ó dúró níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ìwọ ni ó sì ti ń pe ọkùnrin yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdé. Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba díẹ̀. "Ọ̀gá," ni ó wí, "ẹ ṣeun. Ẹ má bínú ọjọ́ yẹn." Ọ̀gá tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Tísà ti di apá rẹ̀ mú, gíríìsì sì kan ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi gbà. Wọ́n ká òrùlé ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀nà Ìyìn, wọ́n ń lọ sí Àrámọkọ níbi tí àbúrò Màmá ń gbé. Ìyá àgbà náà ti múra sílẹ̀ láti ka bọ́ǹpù. Ó ka ọ̀kan, ó ka méjì, ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kọjá Ìyìn. Nígbà tí wọ́n dé Ìgèdè, Tísà bi í pé mélòó ló kù. Kò gbọ́ èsì. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: gèlè Màmá ti fì sí èjìká, oorun ti gbé e lọ.